Ta ni ń kọ́ olùkọ́ òfin? Èsì sí lẹ́tà bàbá kan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú àfaradà, nítorí mo mọ̀ pé títẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde lásìkò tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Lẹ́tà tí bàbá kan, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, kọ sí ojú ewé àwọn òǹkàwé yín ni mo fẹ́ fèsì sí. Bàbá ní àwọn gbọ́ pé àwọn olùkọ́ òfin láti yunifásítì káàkiri Nàìjíríà tún ń múra àpérò ọdọọdún wọn. Wọ́n béèrè pé kí ni wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀ ju pé kí wọ́n wọ súùtù, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sì padà sílé. Wọ́n ní ṣé ASUU tí wọ́n wà nínú ẹ̀ kò tó wọn ni? Wọ́n ní kí ni mẹ̀kúnnù rí jẹ níbẹ̀?

Ìbéèrè gidi ni, inú kò sì bí mi sí i. Olùkọ́ òfin ni mí. Òfin ilẹ̀ àti òfin ogún ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Mo sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí bàbá ń sọ yìí, Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Òfin ní Nàìjíríà, tí àwa máa ń pè ní NALT. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: lẹ́yìn tí olùkọ́ òfin bá ti gba gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tán, kò ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn mọ́ àyàfi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, inú irú ẹgbẹ́ yìí ló sì ti ń pàdé wọn. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀ jù lọ ni kò rí owó dé ibẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an, mo sì fẹ́ kó dun bàbá náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ ASUU sọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti gbogbo olùkọ́ yunifásítì ni ASUU. Owó oṣù, owó àtúnṣe yunifásítì, àdéhùn tí ìjọba bá wọn ṣe lọ́dún 2009, irú nǹkan wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń jà fún. Nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2022, olùkọ́ físíìsì, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti olùkọ́ òfin la jọ jókòó sílé láìgbowó. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, NBA, ti àwọn tó ń dúró níwájú adájọ́ ni. Council of Legal Education, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin, ló ń sọ iye ọmọ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ sí Law School, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò. NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ní tiwọn ló ń wá ka ìwé tó wà nílé ìkàwé wa àti iye olùkọ́ tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó máa bi mí pé: ohun tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ogún pínpín yìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣì ń ṣe é? Ibo lo ti rí i? Ta lo bi?

Ẹ tún wo nǹkan kan. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní A, B, D, wọ́n á ní kó lọ gba NCE ná, kí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn tó máa di májísíréètì lọ́la, kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Mo gba LL.B., ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ nínú òfin, mo lọ sí Law School, mo gba LL.M., ìwé ẹ̀rí kejì, wọ́n fún mi ní kíláàsì. Bí ti ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bí a ṣe ń ṣàlàyé ẹjọ́ kan kó yé ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn tí kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹnu àwọn olùkọ́ mìíràn ni mo ti gbọ́ ọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì sí ní yunifásítì tèmi.

Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀kọ́ òfin ṣe bẹ̀rẹ̀ níbí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe fàájì. Láti ayé Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò, títí a fi gba òmìnira, òkè òkun ni ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ òfin ń lọ. Òfin àwọn òyìnbó ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Èèyàn lè kàwé dé láti Lọ́ńdọ̀nù kó mọ bí wọ́n ṣe ń ta ilẹ̀ ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó má sì mọ ibi tí agbára mọ́gàjí lórí ilẹ̀ ẹbí mọ. Lọ́dún 1959 ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Unsworth, tó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Ìgbìmọ̀ yẹn ló dábàá pé kí àwọn yunifásítì tiwa máa kọ́ni ní òfin, kí ilé ẹ̀kọ́ kan sì wà níbí tí àwọn ọmọ á ti máa kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀. Nsukka bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1961. Èkó, Ifẹ̀ àti Zaria tẹ̀ lé e lọ́dún 1962. Ìbàdàn ni Yunifásítì Ifẹ̀ wà nígbà náà, wọn kò tíì kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gower, òyìnbó, ni olórí ẹ̀ka òfin àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Èkó. Taslim Elias wá di olórí ibẹ̀ lọ́dún 1966, kó tó di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà, kó tó tún lọ ṣe ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague.

Ẹ ro ipò tí àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́ yẹn wà. Ìwé tó sọ nípa òfin Nàìjíríà kò tó nǹkan lórí tábìlì wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa kọ ọ́. Ẹni tó wà ní Zaria ń rí bí àwọn alùkálì ṣe ń fi òfin Mùsùlùmí pín ogún, ẹni tó wà ní Nsukka ń gbọ́ ti ilẹ̀ Ìgbò, ẹni tó wà ní Ifẹ̀ ń bá àwọn baálé ilẹ̀ Yorùbá sọ̀rọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè kan náà ni gbogbo wọn ń kọ́ni, ọ̀nà tó wà láàárín wọn sì jìn. Bí wọn kò bá péjọ síbì kan, kí kálukú gbé ohun tó rí kalẹ̀ kí àwọn tó kù yẹ̀ ẹ́ wò, báwo ni a ṣe fẹ́ ní ohun kan tí a lè pè ní òfin Nàìjíríà? Àwọn olùkọ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orílẹ̀-èdè wọn kò tóbi tó tiwa ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti ọdún 1908, òun ni wọ́n ń pè ní Society of Legal Scholars lónìí. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ òfin Amẹ́ríkà ti kó ara wọn jọ láti ọdún 1900. Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé olùkọ́ tó bá ń dá sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì rẹ̀ nìkan, kò ní pẹ́ tó fi máa rò pé òun kò lè ṣìnà.

Ní báyìí, kí ni a ń ṣe níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, mo kọ pépà kan lórí ìdí igi àti orí-ò-jorí, mo sì gbé e lọ sí irú àpérò bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹkàwé yín mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ṣé iye ìyàwó tó bímọ fún un ni wọ́n á fi pín dúkìá rẹ̀, èyí tí í ṣe ìdí igi, àbí iye ọmọ, èyí tí í ṣe orí-ò-jorí? Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu ló mú un dé ilé ẹjọ́ gíga. Suberu Dawodu, ará Èkó, ló kú tó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí ló bá ìgbà mu, pé ìdí igi kò tọ́ mọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ yìí nígbà náà yí ìdájọ́ yẹn padà lọ́dún 1958, wọ́n ní ìdí igi ni àṣà Yorùbá gan-an, ṣùgbọ́n bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, olórí ẹbí lè sọ pé kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí i lọ́dún 1962. Gbogbo rẹ̀ ni mo tò sínú pépà mi, ó sì dá mi lójú pé mo ti dé ìdí ọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe kà á tán, ìyá kan dìde. Òfin Mùsùlùmí ni wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì kan lápá Àríwá. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo dúpẹ́. Ní tiwa, Kùránì ti sọ ti opó: ìdá kan nínú mẹ́rin dúkìá ni ti ìyàwó bí ọkọ kò bá bímọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọkọ bá ní ọmọ. Nínú ìdí igi tí o ṣàlàyé yìí, ìyàwó tí kò bímọ ńkọ́? Ṣé òun kì í ṣe igi ni?”

Mo dá wọn lóhùn bí ìwé ṣe wí: pé láti ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ti ọdún 1957, ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ pé ìyàwó kì í jogún ọkọ nínú àṣà Yorùbá, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé. Àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó jókòó níwájú wá gba ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ohun tí ilé ẹjọ́ sọ nìyẹn o, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́rìí fún ilé ẹjọ́? Àwọn mélòó ni wọ́n pè? Láti ìlú wo? Ọkùnrin ni gbogbo wọn àbí obìnrin wà níbẹ̀? Ẹlòmíràn tó ń kọ́ni ní òfin ẹ̀rí tún dìde, ó rán wa létí ohun kan tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀: bí ilé ẹjọ́ gíga bá ti fìdí àṣà kan múlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn adájọ́ tó kù lè gbà á bẹ́ẹ̀ láìpe ẹlẹ́rìí kankan mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 tí a ń lò títí di òní.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, bàbá. Bí àgbà mẹ́ta bá wọ ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ kan ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn tí wọ́n sọ pé báyìí ni àwọn ń ṣe, ó lè di òfin lórí ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà yẹn, kódà bí ìlú ti yí ọwọ́ padà pátápátá. Ta ló wá yẹ kó lọ wò ó bóyá ìlú ti yí ọwọ́ padà? Adájọ́ kò lè kúrò lórí àga rẹ̀ lọ máa bi èèyàn léèrè lágbo ilé. Agbẹjọ́rò, ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀ ló ń sọ. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ ni.

Nítorí ìbéèrè ìyá yẹn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn mọ́gàjí àti àwọn ìyá àgbà lágbo ilé wọn, tí mo ń jókòó sẹ́yìn ní ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀. Mo bá ẹbí tó ń fún opó tí kò bímọ ní yàrá tí yóò máa gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé, tí wọ́n sì ń pè é ní ìyá gbogbo ọmọ ilé náà. Mo tún bá ẹbí tó ní kó máa lọ kí wọ́n tó sin òkú tán. Èyí tó ya mí lẹ́nu jù ni àwọn ẹbí tó jókòó, tí wọ́n fẹnu kò pé ní tàwọn, ìyàwó á gba ìpín kan nínú owó ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́. Kò sí ìwé kankan tí mo kà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ní kíláàsì mi báyìí, bí mo bá ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹjọ́ Dawodu tán, mo máa ń ní kí kálukú lọ bi ìyá àgbà kan nílé rẹ̀ bí wọ́n ṣe pín ogún tí ó ṣojú wọn, kó sì kọ ọ́ wá. Àwọn ọmọ ti mú nǹkan wá fún mi tó ju ohun tí mo kọ́ wọn lọ.

Bí òfin ṣe ń yí padà nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, láti ẹnu ìbéèrè. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, pé àṣà Ìgbò tó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀ ta ko abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà, inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Kì í ṣe tuntun. Àwọn olùkọ́ òfin, lọ́kùnrin lóbìnrin, ti ń kọ ọ́, wọ́n ti ń jiyàn lé e lórí, fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà náà.

Bàbá béèrè ohun tí mẹ̀kúnnù rí jẹ. Mo ti dáhùn apá kan. Apá kejì rèé: ọ̀pọ̀ yunifásítì lónìí ló ní ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń ran ará ìlú lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí olùkọ́ ń dúró tì wọ́n. Àwọn olùkọ́ òfin ló jà fún un. NULAI, àjọ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, ló mú un tàn kálẹ̀. Ní tiwa, àwọn ọmọ máa ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ kọ orúkọ àwọn tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ tí wọn kò tíì rójú adájọ́. Ìyá kan wá bá wa tí onílé rẹ̀ ká páànù kúrò lórí yàrá rẹ̀ nítorí owó ilé. Ọmọ tó wà ní ọdún kẹrin ló kọ lẹ́tà tí onílé gbà, tó fi dá páànù padà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìyá náà kò san kọ́bọ̀. Ibo ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń darí irú ibi bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń pa àṣírí ẹni tó wá mọ́, irú ẹjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dá sí àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn? Láàárín àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni, níbi tí a jókòó sí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Oúnjẹ tí bàbá ń sọ yẹn, ìdí ẹ̀ ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń parí.

Mo wá dé ibi tó ń ká mi lára.

Ọ̀dọ́ olùkọ́ kan wà ní ẹ̀ka wa, ọmọbìnrin tó ní làákàyè, tó ń ṣèwádìí lórí àwọn tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ àti bí àwọn òfin tuntun ṣe ń bá wọn jà, irú èyí tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2016. Wọ́n gba pépà rẹ̀ fún àpérò kan. Ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ owó ọkọ̀ àti ibùsùn. Fáìlì ń lọ láti tábìlì dé tábìlì. Wọ́n ní kó lọ fọ́tókọ́pì rẹ̀ wá, wọ́n ní kó lọ gba ìbuwọ́lù ẹnìkan tó rìnrìn-àjò. Ìgbà tí ìdáhùn máa fi jáde, àpérò ti parí. Ọmọ náà ti lọ yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ti lọ ó ti bọ̀, odidi ọdún kan ni wọ́n sì fi ń yọ owó náà nínú owó oṣù rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò lọ mọ́. N kò lè dá a lẹ́bi.

Nígbà tí èmi wà ní ipò rẹ̀, yunifásítì ń sanwó fún ọ̀dọ́ olùkọ́ tí wọ́n bá gba pépà rẹ̀. Owó náà kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé èèyàn dé ibẹ̀. TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ́wọ́, ṣì ní owó tó wà fún lílọ sí àpérò, àwọn tó bá rí i gbà ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n yunifásítì aládàáni kò sí nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì wà nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní sùúrù gan-an. Ẹ fi ti ojú ọ̀nà kún un. Ìgbà kan wà tí a ń wọ bọ́ọ̀sì yunifásítì lọ sí ìlú tó bá gba àlejò wa, tí a ń jiyàn ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò títí a ó fi dé. Lónìí, nítorí àwọn ajínigbé, ọ̀pọ̀ ìyàwó àti ọkọ kò gbà kí ẹnì kejì wọn rin àwọn ọ̀nà kan mọ́. Bàálù ló kù, owó bàálù lílọ àti bíbọ̀ sì lè kó owó oṣù ọ̀dọ́ olùkọ́ lọ. Àwọn kan ní kí a máa ṣe é lórí Zoom. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà Kòrónà, ó dára ju òfo lọ, ṣùgbọ́n ìyá tó bi mí ní ìbéèrè ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí a jáde ni wọ́n tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi wákàtí kan ṣàlàyé ohun tí mo lè ṣe sí i. Kò sí bí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já ṣe máa ṣe ìyẹn.

Ohun tó wá ń gba ipò àpérò lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni mo bẹ̀rù. Ìgbéga olùkọ́ yunifásítì ń dúró lórí iye pépà tó tẹ̀ jáde. Ẹni tí kò rí àpérò lọ, tí kò rí àgbà tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n á fi ìméèlì ránṣẹ́ sí i pé kó san iye báyìí, pépà rẹ̀ á jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó máa kà á kó tó jáde, kò sì sẹ́ni tó máa kà á lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ náà á gòkè. Ohun tó kọ á wọ inú kíláàsì, á ti ibẹ̀ wọ orí àwọn ọmọ, àwọn ọmọ yẹn ló sì máa gba ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá yín rò lọ́la. Bí olùkọ́ òfin kan bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún agbẹjọ́rò ló máa ṣi ọ̀rọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò ní sọ pé gbogbo nǹkan ló dára níbi àwọn àpérò wa. Káàkiri ilẹ̀ yìí, ẹ̀ka ìmọ̀ yòówù kó jẹ́, ayẹyẹ ìṣíde ti gùn jù. Àwọn èèkàn ìlú á sọ̀rọ̀, aṣojú gómìnà á ka ti gómìnà, ọ̀sán á ti pọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá ti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n á wá fún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, nígbà tí àwọn àgbà tó yẹ kó bi wọ́n léèrè ti wọkọ̀ lọ. Ìwọ̀nba ohun tí bàbá rí nínú fọ́tò nìyẹn, mo sì gbà pé kò dára. Kí wọ́n yí i padà: kí wọ́n fi òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, nígbà tí ojú gbogbo èèyàn ṣì dá.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn aláṣẹ yunifásítì ni pé kí wọ́n kọ owó àpérò àwọn olùkọ́ kékeré sínú ìṣúná ọdọọdún, kó jẹ́ ti àwọn tí kò tíì dé ipò olùkọ́ àgbà nìkan, kí wọ́n sì san án kó tó di ọjọ́ ìrìn-àjò. Àwa tí a ti di àgbà lè sanwó ara wa. Mo ti sọ èyí nínú ìpàdé níbi iṣẹ́ mi, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí kí àwọn òbí ọmọ lè bá wa béèrè rẹ̀.

Sí ẹgbẹ́ wa náà, mo ní ọ̀rọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí a ń sọ, ara wa ni a sì ń sọ ọ́ fún. Òun ló fà á tí bàbá kò fi mọ ohun tí a ń ṣe, ẹ̀bi wa sì ni. Ìwé òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ní abala 55, gbà kí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ máa lo Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì bí ètò rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi ń rojọ́ lójoojúmọ́ ní ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ wa. Ìlú yòówù tí àpérò bá ti wáyé, kí ọ̀sán kan wà tí a ó fi èdè ìlú yẹn sọ ohun tí a rí, kí àwọn baálẹ̀, àwọn mọ́gàjí, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn ọmọ ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n tọ́ wa sọ́nà níbi tí ọ̀rọ̀ wa kò bá ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu wọn ni àṣà tí a ń kọ́ni ti jáde, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ohun tí a fi ṣe.

Olóòtú, mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi díẹ̀ sọ̀rọ̀ ní yunifásítì mìíràn. Bí ẹ bá lè fún wa ní àyè kékeré nínú ìwé ìròyìn yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a ó máa kọ ohun tí a bá jíròrò sílẹ̀ ní Yorùbá tó yé gbogbo èèyàn, a kò ní gba owó. Èyí tí a fẹ́ kọ́kọ́ kọ wà nílẹ̀: òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, ìdí tí ẹni tó ra ilẹ̀ tó ní ìwé C of O fi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà kó tó di tirẹ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kọ́lé. Mo ti sọ fún ọ̀dọ́ olùkọ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè pé kó kọ ọ́. Mo máa kà á kó tó dé ọwọ́ yín, ìyá tó ń kọ́ni ní òfin Mùsùlùmí sì ti gbà láti wá ẹni tó máa kọ ti opó tẹ̀ lé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ orúkọ mi jáde. Ẹ ní nọ́ńbà mi lọ́wọ́. Ẹ fi tó mi létí bí àyè bá wà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ òfin ilẹ̀ àti òfin ogún